Níbo Ni Ìwé Wọn Wà? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìwé Àwọn Akọ-Sí-Akọ àti Abo-Sí-Abo, Láti Ọ̀sí àti Ìlọfà

Ẹni tó bá fẹ́ ka ohun tí àwọn òyìnbó amúnisìn kọ nípa Ọ̀sí, Ìlọfà, Odò-Ọwà tàbí Òbò-Ayégúnlẹ̀, kó má wulẹ̀ forí lé Ìbàdàn. Kàdúná ni kó gbọ̀nà. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní 1954, ló gba fáìlì àwọn Èkìtì tó wà ní Gúúsù. Ṣùgbọ́n ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì pa láàrin Gúúsù àti Àríwá la ilẹ̀ Èkìtì kọjá. Ọ̀yẹ́ bọ́ sí apá kan, Ọ̀sí bọ́ sí apá kejì lábẹ́ Ìlọrin, fáìlì kálukú sì bá ìjọba tó kọ ọ́ lọ. Bí àwọn ènìyàn tó ń gbọ́ èdè ara wọn, tí wọ́n ń fọmọ fún ara wọn, ṣe di ẹni tí a kó ìtàn wọn sí ìlú méjì tó jìnnà síra nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí òǹkàwé bá mi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé kò kan ìlú kékeré bíi tiwa. Ìwé àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí a pè ní akọ tàbí abo tí ọkàn wọn kò gbà bẹ́ẹ̀: ta ló ń kọ ọ́? Ta ló ń tẹ̀ ẹ́? Ta ló láyà láti tà á? Ọ̀dọ̀ ta ni ó ń gbé lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti kú? Kò sí ìlú tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò sí. Ohun tó yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì ni bóyá ìwé wọn wà, àti ọwọ́ ẹni tó wà. Lójú tèmi, òfin ibi tí ènìyàn ń gbé, èdè tó ń sọ, àti ìwà àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń pinnu èyí ju ẹ̀bùn òǹkọ̀wé lọ. Nàìjíríà ń bí àwọn ìwé yìí, ìdálẹ̀ ló ń tọ́ wọn.

Ọ̀sí mọ bó ṣe ń rí kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni máa gbé nílé onílé. Aréògún, àgbà agbẹ́gilére Ọ̀sí tó kú ní 1954, gbẹ́ ìgbà ayé rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, sára òpó, sórí ère Ẹpa: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá tó pọn ọmọ, Èṣù, òyìnbó, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Ìwé ni ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Lónìí, àwọn mùsíọ́ọ̀mù àti olówó Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ni púpọ̀ nínú wọn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Bámigbóyè, agbẹ́gilére Odò-Ọwà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀. Nígbà tí a máa ṣe àfihàn àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, ní 2022, ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Inú mi dùn sí àfihàn náà, iṣẹ́ ńlá ni. Ó sì tún dùn mí pé ọmọ Odò-Ọwà tó wà nílé ìwé girama gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lè rí iṣẹ́ baba ńlá rẹ̀ bó ṣe pọ̀ tó lójú kan.

Ẹni tó ń tọ́jú nǹkan tún máa ń ní ohùn lórí ohun tí a ó ṣe. Láàrin 1947 àti 1954, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Kevin Carroll sì wà lára wọn. Bándélé ọmọ Aréògún wá síbẹ̀ láti Ọ̀sí. Lámidi Fákẹ́yẹ wá láti Ìlá Ọ̀ràngún, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Ọwọ́ tó ti ń gbẹ́ ère Ẹpa wá ń gbẹ́ Màríà àti ọmọ rẹ̀, àwọn amòye mẹ́ta, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ náà dára púpọ̀, ó sì fún ọnà wa ní ẹ̀mí gígùn. Carroll fúnra rẹ̀ kọ ìwé Yoruba Religious Carving tó jáde ní 1967. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí agbẹ́gilére mọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì lè rà. Ohun tí ẹni tó ń sanwó kò béèrè, a kò gbẹ́ ẹ, àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn kò sì rí i kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igi yìí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ààlà tó pín fáìlì wa náà ló pín òfin. Gúúsù jogún Criminal Code lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú orí 214 rẹ̀. Àríwá ṣe Penal Code tirẹ̀ ní 1960, pẹ̀lú orí 284, ìyẹn ló sì kan Kwara títí di òní. Ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀yẹ́ wá sí Ọ̀sí ti kúrò lábẹ́ ìwé òfin kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ìwé méjèèjì kọ sílẹ̀ de ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan tún bu ọwọ́ lu òfin mìíràn tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè: ọdún 14 fún ẹni méjì tó bá ṣe ìgbéyàwó irú rẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó bá wà nínú ẹgbẹ́ náà, tàbí tó bá ń tì í lẹ́yìn. Òfin yìí kò dárúkọ ìwé, kò dárúkọ ilé ìkàwé. Kò sì nílò láti dárúkọ wọn. Atẹ̀wé tó ní ìyàwó àti ọmọ yóò ka ọ̀rọ̀ nípa àtìlẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dá iṣẹ́ padà fún oníṣẹ́. Olùtọ́jú ilé ìkàwé yóò rò ó pé ṣé òun ni òun yóò fi owó oṣù òun dán an wò.

Ìwé ti ń jáde kí òfin yẹn tó dé. Nínú The Interpreters tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1965, ọkùnrin kan wà tó ń fẹ́ ọkùnrin, Joe Golder, ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà ni. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé wa dúró sí: bí ọ̀rọ̀ náà bá tilẹ̀ wọlé, àlejò ni a máa ń sọ pé ó gbé e wá. Ní oṣù kẹwàá 2004, Bísí Alímì jókòó níwájú Fúnmi Ìyàndá lórí ètò New Dawn ní NTA, ó sì sọ létí gbogbo Nàìjíríà pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Nígbà tí yóò fi di 2005, Jude Dibia ti gbé Walking with Shadows jáde, ìwé ìtàn àròsọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Adrian ni orúkọ tí ọkùnrin náà ń jẹ́. Ó níyàwó, ó bí ọmọbìnrin kan, ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ní Èkó, títí ẹni tí wọ́n jọ ní gbólóhùn asọ̀ níbi iṣẹ́ fi tú àṣírí rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ Èkó níbẹ̀. Ìtàn yẹn kò lè ṣẹlẹ̀ báyẹn ní Ìlọfà. Ní Èkó, ènìyàn lè kó kúrò ní Sùúrùlérè lọ sí Àjàh kó má rí aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́ mọ́ láyé. Ó lè ní ọ̀rẹ́ tí ìdílé rẹ̀ kò mọ̀. Ó lè ra ìwé lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwé Dibia nílò ìlú ńlá kó tó lè ní ìtàn nínú, ó tún nílò ìlú ńlá kó tó lè rí òǹkàwé. Lẹ́yìn òfin 2014, Dibia fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀ yìí, ó lọ sí Sweden.

Òfin náà bí irú ìwé tuntun. Ní oṣù kìn-ín-ní 2017, àwọn ọ̀dọ́ kan kó ewì, ìtàn àti àwòrán jọ, wọ́n sọ ọ́ ní 14, ìyẹn iye ọdún ẹ̀wọ̀n tí òfin kọ, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí pé à ń wá atẹ̀wé tí kò ní í bẹ̀rù, kò sí pé ẹnìkan yóò rí i lórí àtẹ kó fi ọlọ́jà sùn. Fóònù di ilé ìkàwé. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, àmọ́ mo mọ ibi tó kù sí. Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ lọ́jọ́ tí ẹni tó ń sanwó ojúlé rẹ̀ bá dáwọ́ dúró. Ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà tí a sì pín sí igba ilé ṣòro láti parun tán.

Romeo Oriogun, akéwì tí ewì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàrin ọkùnrin láìfi bò, gba ẹ̀bùn Brunel fún ewì Áfíríkà lọ́dún 2017 kan náà. Ìhàlẹ̀ àti ìkọlù tẹ̀lé e, ó sì lọ ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ní 2022, ìwé ewì rẹ̀ Nomad, tó dá lé ìrìn àjò àti àìnílé, gba Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà, tí owó rẹ̀ jẹ́ 100,000 dọ́là. Nàìjíríà yìí kan náà ló ṣe méjèèjì. Ó fi adé lé ìwé lórí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò lè fọkàn balẹ̀ gbé inú rẹ̀.

Cassava Republic, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé tí a dá sílẹ̀ ní Àbújá ní 2006, gbé She Called Me Woman jáde ní 2018. Azeenarh Mohammed, Chitra Nagarajan àti Rafeeat Aliyu ló kó o jọ: ìtàn ìgbésí ayé àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ń fẹ́ obìnrin, láti ẹnu wọn, Àríwá àti Gúúsù, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ní 2016, Unoma Azuah ti kó irú rẹ̀ jọ nínú Blessed Body. Nínú She Called Me Woman, a kò kọ orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ gan-an sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Fífi orúkọ pa mọ́ lè tó ní Èkó. Ṣé ó tó ní Ọ̀sí? Bí a bá kọ ọ́ pé obìnrin kan tó ń ṣe tíṣà, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún díẹ̀, tí kò tíì lọ́kọ, tí baba rẹ̀ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, ló sọ báyìí báyìí, a kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò yóò ti mọ ojúlé tí à ń wí. Ìlú tí a ti ń fi oríkì mọ ìdílé, tí àgbàlagbà lè wo ìrìn ọmọ kó sì dárúkọ ìyá rẹ̀ àgbà, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ara pamọ́ sí nínú gbólóhùn mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó bá gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti ìlú kékeré gbọ́dọ̀ yí iṣẹ́ onítàn padà, kó yí ọjọ́ orí rẹ̀ padà, kó sì yọ orúkọ ìlú kúrò. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò pé àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìpamọ́ ìwé kò tíì gbé yẹ̀ wò tó. Láti dáàbò bo ènìyàn, a ń pa ìlú rẹ́. Bí Ọ̀sí, Ìlọfà, Ekan àti Èrúkù ṣe ń bọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì kà á ní àádọ́ta ọdún sí i yóò rò pé Èkó, Àbújá àti Ìbàdàn nìkan ni irú ìfẹ́ yìí ti wáyé. Àwọn tó máa ń sọ pé àwọn ará ìgboro ló kó o wá yóò wá ní ìwé tí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí.

Èdè tún wà ńbẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo ti dárúkọ láti ọ̀dọ̀ Dibia síwájú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Arárọ̀mí-Òpin, tí ọmọ rẹ̀ sọ ohun kan fún un tí kò mọ bó ṣe máa gbà á, kò ní ìwé kankan nínú wọn tó lè kà. Ohun tó ń gbọ́ ní Yorùbá ni ìwàásù, èébú, àti àwàdà inú fíìmù. Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kan nípa obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, Pamela Adie ló ṣe olùgbéjáde rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, ní Yorùbá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì gbé e gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń kọ ìtàn àṣírí ìfẹ́. Láti 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó tí Isaac Thomas ń ṣe olóòtú rẹ̀ ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá ló pe ara rẹ̀. Ó ti darúgbó, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń ka gbogbo ọkùnrin tó ti bá kọjá láyé rẹ̀ fún òǹkàwé, láìsọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn òǹkàwé Èkó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Àṣé Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ní 1930 ó di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tó jáde ní 1938. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà: ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú, àwọn òǹkàwé tó ń gbé àdúgbò kan náà, tí wọ́n mọ Ìta Fájì, tí wọ́n mọ orin tí onítàn ń tọ́ka sí, àti orúkọ àdápè tí ẹni tó ń sọ àṣírí lè sá sí lábẹ́. Èkó ayé ìgbà yẹn kò fọwọ́ sí ìwà Ṣẹ̀gilọlá. Ó kà á síbẹ̀. Karin Barber tún ìwé náà tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ ní 2012, ìdí nìyẹn tí a fi lè rí i kà báyìí. Mo gbà pé ọ̀nà Ṣẹ̀gilọlá yìí, lẹ́tà ní Yorùbá lábẹ́ orúkọ àdápè, bá ìlú kékeré mu ju ìwé olórúkọ gidi tí a ń retí láti Èkó lọ.

Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun, ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi gbogbo ohun tí mò ń wí hàn. Rótìmí Fani-Kayode, ọmọ ìdílé ńlá kan ní Ifẹ̀, ni a bí ní Èkó ní 1955. Ìdílé rẹ̀ sá lọ sí Ìlú Ọba ní 1966 nígbà tí ológun gbàjọba. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó padà sí London ní 1983, ó fi Brixton ṣe ibùgbé. Fọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin dúdú ló ń yà, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà lára, pẹ̀lú orí idẹ bí àwọn ti Ifẹ̀, bí ẹni pé òrìṣà ń bọ̀ lára wọn. Ní 1988, Gay Men's Press ní London tẹ ìwé fọ́tò rẹ̀, Black Male/White Male. Lọ́dún kan náà, ó wà lára àwọn tó dá Autograph sílẹ̀, àjọ àwọn ayàwòrán dúdú. Ó tún kọ àròkọ kan lọ́dún yẹn, níbi tó ti sọ pé òun jẹ́ àlejò lọ́nà mẹ́ta: nípa ẹni tí òun ń fẹ́, nípa ilẹ̀ tí òun jìnnà sí, àti nípa pé òun kò di irú ọmọ tó fẹ́yàwó tó sì níṣẹ́ iyì bí àwọn òbí òun ti rò. Ó kú ní oṣù kejìlá 1989. Kò ju ọmọ ọdún 34 lọ.

Bí kò bá sí Brixton, iṣẹ́ yìí kò ní í wà. Mi ò sọ pé London dára ju ilé lọ. Ní oṣù kẹrin 1984, àwọn aṣọ́bodè Ìlú Ọba ya wọ Gay's the Word, ilé ìtàwé tí àwọn akọ-sí-akọ àti abo-sí-abo dá sílẹ̀ ní London ní 1979, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwé lọ, wọ́n sì gbé àwọn alábòójútó rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn òǹkàwé, àwọn òǹkọ̀wé àti ará àdúgbò dá owó jọ, wọ́n pariwo, ìjọba sì fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní 1986. Ilé ìtàwé náà ṣì wà títí di òní. Láwùjọ àwọn dúdú London gan-an, Ajamu àti Topher Campbell dá rukus! sílẹ̀ ní 2005, wọ́n ń kó lẹ́tà, ìwé ìkéde àríyá, fọ́tò àti ìwé ìròyìn àwọn dúdú akọ-sí-akọ àti abo-sí-abo jọ. Ó wà nínú ilé ìpamọ́ ìwé tí a ń pè ní London Metropolitan Archives tẹ́lẹ̀. Wọ́n kò dúró de yunifásítì kankan kó tó sọ pé ìwé ìkéde àríyá jẹ́ ohun tó yẹ kí a tọ́jú.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Gúúsù Áfíríkà. Lẹ́yìn tí òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1996 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí ẹni tó ń fẹ́, GALA, ilé ìpamọ́ ìwé tiwọn, bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg ní 1997, ní Yunifásítì Witwatersrand. Òfin ló ṣílẹ̀kùn fún un. Àmọ́ orúkọ tí GALA fi sọ ẹ̀ka ìtẹ̀wé rẹ̀ wú mi lórí ju òfin lọ: MaThoko's Books. MaThoko kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìyá ilé kan ní KwaThema ni, tó gba àwọn ọmọ tí a lé nílé sínú ilé rẹ̀, tó jẹ́ kí wọ́n máa pàdé níbẹ̀. Ìwé Queer Africa tí ẹ̀ka yìí tẹ̀ ní 2013 gba ẹ̀bùn Lambda ní Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ní New York náà, inú fúláàtì Joan Nestle ni Lesbian Herstory Archives ti bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ẹni tó bá fẹ́ kàwé yóò kan ilẹ̀kùn, wọ́n á fún un ní tíì. Inú iyàrá ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Brazil, ọ̀rọ̀ ẹnu ló di ìwé. Àwọn ilé òrìṣà Candomblé ti ń gba irú àwọn ènìyàn yìí láàyè tipẹ́. Ruth Landes, ará Amẹ́ríkà, rí wọn ní Salvador ní ìparí àwọn ọdún 1930, ìwé rẹ̀ The City of Women sì jáde ní 1947. Láti inú ilé òrìṣà ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ti bọ́ sẹ́nu àwọn akọ tó ń múra bí obìnrin nígboro, tí ó di èdè àṣírí tí wọ́n ń pè ní pajubá, tí ọlọ́pàá kò gbọ́. Ọtí, ìdí, àjẹun, dára, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ní 2006, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì Brazil sì béèrè ìbéèrè lórí rẹ̀ ní 2018. Èdè tiwa ni wọ́n fi bo ara wọn láṣọ lókè òkun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ sáré láti ibẹ̀ wá sórí Ẹpa wa, kí wọ́n sọ pé ọkùnrin tó gbé ère ìyá ọlọ́mọ jó ní Ọ̀sí, tàbí ẹlẹ́gùn Ṣàngó tó di irun bí ìyàwó, jẹ́ ẹ̀rí irú ìfẹ́ yìí. Onímọ̀ J. Lorand Matory kọ nípa àwọn ẹlẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ní 1994, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí sì takò ó gidigidi ní 1997. Èmi kò ní í fi ère ṣe ẹ̀rí ohun tí agbẹ́gilére kò sọ. Aṣọ obìnrin lára ọkùnrin níbi ọdún kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́, kó wá a lẹ́nu àwọn tó nífẹ̀ẹ́.

Bí wọn kò bá sì kọ ọ́ fúnra wọn, ẹlòmíràn yóò kọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ 2018, ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 níbi àríyá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó. Wọ́n gbé 47 lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ òfin 2014. Ní oṣù kẹwàá 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù nítorí pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò kó ẹlẹ́rìí wá. Àwọn ọkùnrin yẹn ti pàdánù ọdún méjì, orúkọ àti ojú wọn sì ti wà nínú ìwé ìròyìn. Fáìlì ọlọ́pàá àti ti ilé ẹjọ́ ni a kì í dáná sun. Òun ni òpìtàn yóò bá ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, bí kò bá sí òmíràn, yóò sì rò pé ẹ̀sùn nìkan ni ayé wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe ní ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ará ilé. Bí ọmọ kan bá kú ní ìdílé yín, tí ẹ bá lẹ́tà, fọ́tò tàbí ìwé àkọsílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀ tó fi hàn pé ẹni tó fẹ́ kì í ṣe ẹni tí ẹ rò, ẹ má sun ún, ẹ má sì tà á fún ẹlẹ́pà pẹ̀lú bébà yòókù. Ẹ dì í, ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, ẹ kọ ọdún tí a lè ṣí i sára rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọgbọ̀n ọdún tàbí àádọ́ta, ẹ fún ẹni tí ẹ lè fọkàn tán. Ẹ̀yin olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní ti Ọ̀yẹ́, ẹ gba irú ẹrù tí a lẹ̀ pa bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìtọ́jú ìwé ni iṣẹ́ yín, ẹ kì í ṣe onídàájọ́. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, lábẹ́ orúkọ tó bá wù yín. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú ìwé wa ní Johannesburg, ní London àti ní Amẹ́ríkà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ohun tó ti ilẹ̀ wa wá padà sọ́dọ̀ wa, kí ọmọ Ìlọfà lè kà á lórí fóònù rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ àti láìfi orúkọ sílẹ̀.